Màlúù Ni Wọ́n Kọ Síbẹ̀

Ẹlẹ́dẹ̀ ni kúùkù yín bù fún ẹ̀gbọ́n mi, ó sì pè é ní màlúù. Màdámù, ẹ má sọ fún mi pé kí n rọra sọ̀rọ̀. Nítorí ta ni n ó ṣe rọra? Kí gbogbo ẹni tó ń jẹun nínú yàrá yìí gbọ́!

Ẹ wò wọ́n lẹ́nu ọ̀nà yẹn, Alhájà Bàrákátù, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, tí wọ́n ń fi omi ṣan ẹnu láti ẹ̀ẹ̀kan. Èṣí ni wọ́n ti Mẹ́kà dé. Àwa méjèèjì la wọ mọ́tò láti Fìdítì wá sí Ìlọrà níbí, torí a gbọ́ pé òtẹ́ẹ̀lì yín ń se oúnjẹ gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà ní Sátidé, ẹ̀gbọ́n mi sì ní kí àwọn tó kú, àwọn fẹ́ mọ bí ọbẹ̀ ará Kàlàbá ṣe ń dùn. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn?

Mo ka ìwé oúnjẹ yín fúnra mi. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni mí, tòun ti irùngbọ̀n, kí n tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwé àgbà ní Jobele, tí àwọn ọmọ tí mo bí ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìka ni mo fi ń tẹ̀lé e lórí ìwé yín: ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ Kàlàbá, ẹran màlúù. Mo gbà á gbọ́ torí pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀! Etí ẹ̀gbọ́n mi ò gbọ́ràn dáadáa mọ́, èmi Sìrájù ni mo pariwo sí wọn létí pé, "Ẹ jẹ ẹ́, màlúù ni." Ẹnu mi ni irọ́ yín gbà wọ etí wọn. Ṣé ohun tí ẹ fi mí ṣe yé yín?

Kí lẹ wí? Ẹ fẹ́ gbé ìrẹsì àti adìẹ fún wa lọ́fẹ̀ẹ́? Olúwa má jẹ̀ẹ́! Ṣé ẹ rò pé ebi ló ń pa mí ni?

Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ máa jẹ ẹ́ lọ. Ará Kàlàbá kò ṣẹ̀ mí. Irọ́ ni mo ń bá jà.

Àbí ẹ rò pé mo kàn ń fura ni? Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀rá ẹran yìí ń yọ̀ jù lẹ́nu àwọn, mo ní kí wọ́n pe Jùwọ́nlọ, kúùkù yín. Ó wá, ó fi orúkọ Ọlọ́run búra! Mo ní ó dáa, ọmọ mi, nílé tiwa, ẹni tó se oúnjẹ fún àlejò ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú wọn. Mo na ṣíbí sí i. Háà! Ọwọ́ rẹ̀ ò gbà á. Mo tún nà án. Ó ń wolẹ̀. Ṣé a ò mọ ilé tó ti jáde ni? Aláṣọ funfun ni wọ́n, ìyá rẹ̀ ń ríran ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà níbí, ẹlẹ́dẹ̀ kì í wọ ẹnu wọn. Ohun tí kò lè fi sẹ́nu ara rẹ̀ ló bù sí àwo ìyá oníyàá! Ìgbà náà ló tó jẹ́wọ́ pé màlúù ló tán láàárọ̀. Ṣé báírò náà tán ni, tí o ò fi lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?

Rárá o, Màdámù, kì í ṣe nínú ọ́fíìsì yín ni yóò ti bẹ̀ wá. Gbangba ló ti búra. Ẹ̀gbọ́n mi ò ní kúrò níbí kí wọ́n máa rò pé èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ tan àwọn jẹ.

Ẹ̀n-ẹ́n, Jùwọ́nlọ ló ń bọ̀ yẹn. Ṣí fìlà orí rẹ. Kọjú sí àwọn tó ń jẹun. Sókè! Wọn ò gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sún mọ́ mi, ẹ gbé etí wá, kí n sọ ohun tó ń wí fún yín. Ó ti dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn, ẹlẹ́dẹ̀ ni mo sè, mo pè é ní màlúù, mo sì búra lé e lórí. Bàbá yìí ò mọ̀. Alhájà, ẹ forí jì mí, àbúrò yín ò mọ̀."