Owó Ìsìnkú Tó Ń Tọ́jú Bàbá Mi Láàyè

Ẹ bá mi gbé orúkọ Olúwa ga, ẹ̀yin ará. Bàbá mi wà láàyè. Lánàá ni mo rí wọn. Wọ́n jẹun yó, wọ́n sì ní ẹni tó rán ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn mi yẹ kó dá owó mi padà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Akọ̀ròyìn ni mí. Ẹ̀rí ẹlòmíì ni mo máa ń kọ. Lónìí, tèmi ni.

Ṣábẹ̀, ní ilẹ̀ Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, ni wọ́n ti bí bàbá mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni wọ́n nígbà tí wọ́n dé Maiduguri. Àdúgbò Jiddari Polo ni wọ́n ti ń ránṣọ. Wọn kò di ọmọ Nàìjíríà lójú òfin rí, nítorí kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè.

Àsìkò tí ogun gbóná ni iyè wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rá. Ní àárọ̀, wọ́n mọ gbogbo wa. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọn yóò ní àwọn ń lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, bẹ́ẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ti di ti ẹlòmíì tipẹ́. Ìrọ̀lẹ́ yẹn náà sì ni kónílé-ó-gbélé máa ń bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi. Iṣẹ́ tèmi ń gbé mi kiri àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Ìyá mi ti kú. Kò sẹ́ni tí yóò máa ṣọ́ ilẹ̀kùn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, sójà kan mú Bàbá wá sílé wa ní Bulumkutu. Ọmọ Ìkìrun ni sójà náà. Àlùmọ́gàjí ìránṣọ wà lọ́wọ́ Bàbá.

Sójà náà ní, “Ẹ̀gbọ́n, irin tó ń dán ni mo kọ́kọ́ rí. Ọwọ́ mi ti wà lórí ìbọn. Àfi bí wọ́n ṣe kí mi, ‘Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ.’ Ẹni tó máa ṣọ́ ọ̀nà níbẹ̀ lọ́la lè má gbọ́ Yorùbá.”

Dókítà sọ fún wa pé kò sí oògùn tó lè dá àìsàn náà dúró. “Ẹ wá ibi tí ojú yóò ti máa wà lára wọn.”

Ilé ìtọ́jú àgbàlagbà kan wà lọ́nà Khaddamari. Obìnrin tó ń bójú tó o gbà wá tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé, “Àwọn tó ń ràn wá lọ́wọ́ máa ń san ìdajì fún ọmọ ilẹ̀ yìí. Àlejò ló ń dá gbogbo rẹ̀ san.”

Mo ní, “Àlejò tó ti rán aṣọ ìgbéyàwó kiri Bulumkutu?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Wallahi, òun ló rán tèmi. Ṣùgbọ́n òfin ni.”

Owó oṣù mi kò lè dá a gbé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó ti Bàbá, mo sọ ọ́ fún wọn bó ṣe rí. Wọ́n ní, “Ẹgbẹ́ ní owó mi lọ́wọ́.”

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá ibí mọ̀ ọ́n. Oṣooṣù là ń dá owó ìsìnkú sí ẹgbẹ́, kí wọ́n lè gbé ẹni tó bá kú lọ sílé. Ẹgbẹ́ náà ló gbé òkú ìyá mi dé Ọ̀ffà.

Ìrọ̀lẹ́ Sunday ni ẹgbẹ́ máa ń ṣèpàdé. Mo bẹ Alhaji tó jẹ́ alága wa kó sún un sí àárọ̀, kí Bàbá lè fẹnu ara wọn sọ̀rọ̀. Ó gbà.

Akápò wa, Ìyá Ìdòwú, kò gbà. “Owó òkú kì í ra ẹ̀kọ fún alààyè. Tí wọ́n bá wá kú ńkọ́? Ṣé ká máa wo ara wa lójú ni?”

Bàbá dìde. “Ìyá Ìdòwú, àwọn tó ń dènà lójú ọ̀nà Damaturu tí à ń gbà gbé òkú lọ sílé, ṣé wọ́n ń bèèrè ẹni tó wà nínú pósí ni?”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín.

“Mo fẹ́ sùn ní Ṣábẹ̀. N kò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ òkú mi kò lè ṣìnà. Èmi tí mo wà láàyè yìí ni mò ń sọnù. Ẹ fi owó náà ṣọ́ mi. Tí mo bá kú, ẹ sin mí síbí.”

Ìyá Ìdòwú ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Baálé mi, ẹ jókòó. Ẹ ti borí mi.” Alhaji ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn nawọ́ sókè. Kò sẹ́ni tí kò nawọ́.

Owó tí ì bá gbé pósí dé Ṣábẹ̀ ló ń sanwó ilé ìtọ́jú báyìí, èmi náà ń fi tèmi kún un. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ Ìkìrun tó mú ọwọ́ kúrò lórí ìbọn.

Lánàá, nígbà tí oòrùn ń wọ̀, Bàbá dìde, wọ́n ní àwọn ń lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin tó ń tọ́jú wọn kò ti ilẹ̀kùn, kò bá wọn jiyàn. Ó ní, “Baba, kasuwa ta watse.” Ọjà ti tú.

Bàbá ronú sí i. “To, sai gobe.” Ó dọ̀la nìyẹn. Wọ́n sì padà jókòó.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àgbà tó ń ṣáko nílé, ẹ má sọ̀rètí nù. Ọlọ́run tó ṣe tiwa kò tíì ṣíwọ́ iṣẹ́. Ẹ má kàn máa pète lórí wọn nírọ̀lẹ́ tí ọkàn yín bá ti pòrúurùu. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́, kí ẹ sì bi àwọn fúnra wọn.