Ilé Tí Wọ́n Ní Ó Ṣeé Gbé

Nínú gbákà, ọkọ̀ akérò tó ń bọ̀ láti Abobo ní Abidjan, ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá àgbàlagbà kan àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin.

Ọmọ ní, "Màámi, wọn ò lè torí ọ̀nà wó ilé wa lọ́fẹ̀ẹ́. Kí lẹni tó wá díwọ̀n rẹ̀ sọ gan-an?"

"Ó ní pákó ni ògiri rẹ̀, pé baraque ni, ilé tó ṣeé gbé. Ilé bíríkì nìkan ni wọ́n ń sanwó fún."

"Ṣé kò rí ìpìlẹ̀ sìmẹ́ńtì ni?"

"Ó rí i. Ó tiẹ̀ dúró lé e lórí kọ̀wé. Ilé tó ṣeé gbé! Inú rẹ̀ ni mo bí ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí, inú rẹ̀ ni bàbá yín kú sí. Ta ni yóò bá mi gbé e? Ibo ni n ó gbé e lọ?"

"Ẹ jẹ́ ká tún kọ̀wé sí mairie, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀."

"Èsì ti dé láàárọ̀. Wọ́n ní ká kó ẹrù wa jáde kó tó di Sátidé."

Ọmọ náà, géńdé tó wọ táì, bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ fi etí ìborùn nu ojú fún un.