Ohun Tí Kò Gba Orí Fọ́ọ̀mù Wọlé

Nínú mọ́tò tó ń kó èrò láti Ìkàrẹ́ lọ sí Ọ̀kà ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, láàárín ìyá àgbẹ̀ kan àti ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bójú tó sáìtì ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

"Ọmọ mi, mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé kí ẹnikẹ́ni má rí àdírẹ́sì mi. Báwo ló ṣe wá hàn lórí sáìtì?"

"Mà, mo fi ìlànà kan ṣe ẹ̀ṣọ́ sí ìdí fọ́ọ̀mù yẹn nínú kọ̀ǹpútà. Ẹni tí kò bá fẹ́, ẹ̀ṣọ́ náà á fi tirẹ̀ pamọ́. Ṣùgbọ́n ìwé orúkọ àti àdírẹ́sì tí akọ̀wé ẹgbẹ́ fún mi, orúkọ ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún ni mo dà wọlé lẹ́ẹ̀kan. Kò gba orí fọ́ọ̀mù kọjá, ó sì bo ohun tí ẹ kọ mọ́lẹ̀."

"Ẹnu ọ̀nà lo ṣọ́, o wá dá ògiri lu."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ìyá kò rẹ́rìn-ín.

"Àwọn tó jí mi gbé lóko ní Ùgbè ṣì wà níta. Torí wọn ni mo ṣe kó lọ sí Ọ̀kà."

"Ẹ má bínú, mà. Mo máa yọ ọ́ kúrò lónìí. Kò ní pẹ́ rárá."

"Ẹni tó ti kà á ńkọ́?"

Ìbéèrè yẹn ló dúró sí mi lọ́kàn, torí èmi náà ti sùn nínú igbó àwọn ajínigbé rí.

Nígbà tí a wọ Ọ̀kà, awakọ̀ bi ìyá náà léèrè ibi tó ti fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó wo gbogbo wa lójú, ó ní, "Iwájú díẹ̀."

Nígbà tó kàn mí, ohun kan náà ni mo wí.