Mo Ní Ara Ọkọ Mi Ló Ń Rùn

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ yìí ti di ẹrù tí mi ò lè dá rù mọ́. Láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, mo rí ọkọ mi tó ń pín àwọn àgbá tó fi ń rẹ pákí fún àwọn ará àdúgbò. Ó ní òun ò ṣe láfún mọ́. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé irọ́ tèmi ló fà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi ná kí ẹ tó bú mi.

Tíṣà ni mí ní ìlú kékeré kan láàárín Ìsẹ́yìn àti Ṣakí. Mo ní àìsàn egbò inú ìfun, èyí tó máa ń lọ tó sì máa ń padà wá. Bó bá dé, ilé ìgbẹ́ ni mo máa ń sáré lọ, ẹ̀jẹ̀ á máa bá ìgbẹ́ jáde, nígbà mìíràn kì í tiẹ̀ dúró dè mí. Ọkọ mi mọ̀ pé inú ń yọ mí lẹ́nu. Kò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn tí mo bí Ayọ̀ ni ẹ̀rù ìbálòpọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Ó ń dùn mí. Mo sì ń rò ó pé, bí ìgbẹ́ bá lọ yọ mọ́ mi lára lórí ibùsùn ńkọ́? Ní ilé tiwa, ọkọ kì í sún mọ́ ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú. Mo bá fi ọmú Ayọ̀ bojú. Ọmọ ń sáré kiri àdúgbò, ọmú ló ṣì ń mu. Ìyá ọkọ mi kọ́kọ́ ń yìn mí pé mo mọ ọmọ tọ́. Nígbà tó yá, àwọn náà ló ní kí n já a lẹ́nu ọmú: "Àbí ọmú ni yóò gbé lọ síléèwé ni?"

Mo já a lẹ́nu ọmú. Ọkọ mi wá sún mọ́ mi, mo yẹra. Ó rọra bi mí pé, "Ìyá Ayọ̀, àbí òórùn láfún tó wà lára mi ni?"

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbèrò irọ́ náà. Òun ló nà án sí mi, mo kàn gbà á ni. Mo ní òórùn náà ni.

Látìgbà náà ló ti ń fi kànìnkànìn ha ara rẹ̀ bí ẹni ń ha pákí. Ó ra lọ́fíńdà. Ó tẹ́ ẹní tiẹ̀ sí pálọ̀. Bó bá fẹ́ gbé Ayọ̀, á kọ́kọ́ gbóòórùn apá ara rẹ̀. Wọ́n ní ẹni bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Tèmi ò tiẹ̀ dé ọjà.

Nọ́ọ̀sì kan ní Ṣakí ti là mí lọ́yẹ̀. Ó ní àìsàn yìí ò ní kí tọkọtaya má sún mọ́ra. Kí n jẹ́ kí dókítà mọ̀ pé ó ń dùn mí, ká yan àsìkò tí àìsàn bá rọlẹ̀, kí n yà sílé ìgbẹ́ ṣáájú, ká tẹ́ aṣọ sábẹ́. Ó ní, "Ẹ mú bàbá wá, ká jọ sọ ọ́." Mo ní wọ́n rìnrìn àjò. Irọ́ mìíràn nìyẹn.

Lánàá, ọkọ mi bi mí bóyá òórùn náà ti ń dín kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé ara tí mò ń sá fún látọjọ́ yìí kì í ṣe tiẹ̀?