Orúkọ Ọkọ Mi Ni Dírẹ́bà Ń Pè ní Gáréèjì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni mí. Tíṣà ni mí ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òkè-Àgbò, n'Íjẹ̀bú-Igbó, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Áńgílíkà wa. Síbẹ̀, ohun tó ń pa mí lẹ́kún láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá kò ju ìwé aláwòrán lọ, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń pè ní kọ́míìkì. Ọkùnrin tó ń tà á fún wa fi àwòrán àwọn tó ń bọ̀ lọ́nà ránṣẹ́ sórí fóònù mi, ó ní kí n yan èyí tí mo bá fẹ́ kí òun lè bá mi fi tèmi sílẹ̀. Ó wá béèrè pé, "Mà, orúkọ ta ni ká kọ sára ẹrù báyìí?" Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti rí èsì fún un. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n sọ ọ́ fún yín.

Ìwé aláwòrán ló so èmi àti ọkọ mi pọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni àwa méjèèjì ní yunifásítì tó wà l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè nígbà náà. Ọkùnrin kan máa ń pàtẹ ìwé sábẹ́ agbòjò ńlá kan nítòsí géètì, Bọ̀dá Aláwòrán ni gbogbo wa ń pè é. Kì í kó ìwé wá láìjẹ́ pé ẹnì kan ti sọ pé òun máa rà á. Ẹ̀yìn ìwé tó bá jáde lóṣù yìí ni wọ́n máa ń tẹ àwòrán kékeré àwọn tó ń bọ̀ sí. A ó rọ̀gbà yí i ká, kálukú á nàka sí èyí tó wù ú, á sanwó sílẹ̀, Bọ̀dá Aláwòrán á sì lọ bá wa kó o wá láti Èkó. Bó o bá yan èyí tí kò dáa, ìwọ lo yàn án, kò sí ẹni tó máa bá ọ gbà á padà. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ síbẹ̀, mo nàka sí ìwé kan tí wọ́n ya géńdé ọkùnrin kan sí tó ń fọwọ́ kan gbé mọ́tò sókè. Bẹ́ẹ̀ ni mo gbọ́ ohùn ẹnì kan lẹ́yìn mi: "Sísítà, ẹ má yan ìyẹn. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ kejì, inú àpò ló wà. Ẹni tó yà á kò mọ ọwọ́ yà."

Inú bí mi! Ta ló bi í léèrè? Mo sanwó ìwé náà lójú ẹ̀. Nígbà tí ìwé dé, kò sí èèyàn kankan nínú ẹ̀ tí ọwọ́ ẹ̀ kò fara pamọ́. Ti ẹlòmíì wà nínú àpò, ti ẹlòmíì wà lẹ́yìn, ọlọ́pàá tó fẹ́ mú olè pàápàá káwọ́ sábẹ́ tábìlì. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mo sì wá ọkùnrin náà lọ láti sọ fún un pé òótọ́ ló sọ. Olúmúyìwá lorúkọ ẹ̀. Ọmọ Ìbíàdè ni, ní ìhà Wọ́tásáìdì, ọmọ apẹja, ẹ̀kọ́ ìṣirò ló wá kọ́. Ẹni tí mo fẹ́ nìyẹn.

Ẹ má sọ pé ọjọ́ a kú là ń dère. Lójú ayé ọkọ mi ni mo ti ń yìn ín, mi ò sì ní dákẹ́ báyìí. Ọkùnrin yẹn mọ ìwé tó ń bọ̀ wò bí bàbá ẹ̀ ṣe mọ omi wò kó tó da àwọ̀n. Ó ní iwájú ìwé lè tan èèyàn, àmọ́ ọwọ́ kì í tan èèyàn, ìdáná náà kì í tan èèyàn. Bí wọ́n bá ya ilé, á wá ibi tí wọ́n ti ń dáná nínú ẹ̀. Bí kò bá rí ìkòkò, tí kò rí aṣọ tí wọ́n sá, á ní, "Kò sẹ́ni tó ń gbé ilé yìí. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún wọn." Kí wọ́n sì tó tẹ èyí tó bá yàn jáde, á ti máa sọ ọ́ lórí oúnjẹ: bóyá ọmọ ọba yẹn máa padà wálé, bóyá ìyàwó ẹ̀ máa dárí jì í. Bí mo bá ní kó jẹ́ kí ìwé dé ná, á ní ìdúró náà wà lára ìwé, ẹni tí kò bá dúró dè é, ààbọ̀ ló rà. Ẹ̀yin èèyàn mi, irú ọkùnrin wo nìyẹn! Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àgbà ìṣirò ń ka ìwé ọmọdé. Á kàn rẹ́rìn-ín, á ní ohun tó wu ni ló ń pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni.

Ibì kan ṣoṣo la ti máa ń jà. Ìwé tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ ilé ni èmi fẹ́ràn, ti ìyá àti ọmọ, ti ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ lọ sójú omi tí kò tètè dé. Ìwé ẹlẹ́kún lòun ń pè é. Ti jagunjagun lòun ń fẹ́. Nígbà tó bá kan ká yan, màá ti pinnu nínú mi pé lọ́tẹ̀ yìí, mi ò ní gbà. Àmọ́ ẹnu ọkọ mi dùn! Á ṣàlàyé, á ṣàlàyé, títí èmi fúnra mi á fi máa bẹ̀ ẹ́ pé ká yáa mú ti jagunjagun. Bí a ṣe ṣe é nìyẹn títí àwọn ọmọ wa fi dàgbà, tí wọ́n kúrò nílé.

Ìgbà tó yá, àìsàn kíndìnrín dé. Mi ò ní fi ìyẹn da yín láàmú, ẹni tó bá ti bá aláìsàn jókòó ní ọsibítù mọ bó ṣe ń rí. Dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sọ ohun tó sọ fún mi. Bọ̀dá Aláwòrán ti kó lọ sí Èkó látọjọ́ pípẹ́, irun ẹ̀ náà ti funfun, orí fóònù ló ti ń fi àwòrán ìwé tó ń bọ̀ ránṣẹ́ sí wa. Lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, ọkọ mi ní kí n gbé fóònù wá. Ó wò wọ́n lọ, ó wò wọ́n bọ̀, ó wá bi mí pé, "Màmá Ṣeun, nínú gbogbo èyí, èwo ló máa pẹ́ jù kó tó jáde?"

Inú mi dùn, ẹ jọ̀ọ́! Mo ní dókítà kò mọ nǹkan kan. Ẹni tó ń yan ìwé tí kò ní jáde títí dìgbà tí òjò ọdún tó ń bọ̀ á fi rọ̀, ṣé ẹni tó ń múra ikú nìyẹn? Mo nàka sí àwọn tó máa pẹ́. Ó ní kí n lọ bá òun wá ẹ̀kọ gbígbóná níta. Nígbà tí mo fi máa dé, ó ti bá Bọ̀dá Aláwòrán sọ̀rọ̀ tán. Mo ní, "Bàbá Ṣeun, èwo lẹ yàn?" Ó ní, "Dúró kó dé ná." Kò dúró kí ọ̀kan nínú wọn dé. Ìbíàdè la sin ín sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá ẹ̀.

Aṣọ ọ̀fọ̀ ṣì wà lọ́rùn mi nígbà tí ìpè wọlé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí mò ń pè ní Àǹtí, ti wá láti Ìbíàdè kí n má baà dá wà. Aláṣọ funfun ni wọn, alákíkanjú nínú àdúrà. Wọ́n jókòó tì mí, fóònù mi sì ń pariwo síta. Dírẹ́bà kan ní, "Ọ̀gbẹ́ni Olúmúyìwá, ẹrù yín ti dé láti Èkó o. Ẹ wá gbà á ní gáréèjì." Àǹtí já fóònù gbà. "Ta ló fi í ránṣẹ́?" Dírẹ́bà ní orúkọ tó wà lára ẹrù lòun ń pè yẹn, Olúmúyìwá yẹn náà ló ní kí wọ́n gbé e wá.

Àǹtí dìde, gèlè bọ́ lórí wọn. "Ìyàwó! Ọmọ ìyá mi ń bẹ l'Ékòó! Mo sọ ọ́ àbí mi ò sọ ọ́? Ikú yẹn kò jọ ikú! Àkúdàáyà ni! Ó ti ní ulé l'Ékòó. Dìde, ká lọ bẹ̀ ẹ́ kó wá ulé!" Mi ò tíì dáhùn tí wọ́n ti wọ yàrá, tí wọ́n gbé sáńdà ọkọ mi jáde. Wọ́n ní a kò wọ bàtà sí i lẹ́sẹ̀ nígbà tí a sin ín, kò yẹ kó máa fẹsẹ̀ lásán rìn káàkiri Èkó.

Nígbà tá a dé gáréèjì, Àǹtí di dírẹ́bà mú. "Báwo ló ṣe rí? Ṣé ó ti rù? Ṣé ó ti fẹ́yàwó míì?" Ọ̀rọ̀ náà dẹ́rù ba dírẹ́bà, ó ń ṣẹ́jú pàkò. Ẹ̀yin òǹkàwé, mo yẹ kí n dá Àǹtí lẹ́kun, àbí? Èmi tí mo kàwé, èmi akọrin ìjọ! Irọ́ ni. Mo dúró síbẹ̀, mò ń wo ẹnu dírẹ́bà. Bó bá ní ọkọ mi ti fẹ́yàwó míì l'Ékòó lọ́jọ́ náà, ẹ bá mi dúpẹ́ ni ǹ bá sọ.

Bọ̀dá Aláwòrán ló là á yé wa lórí fóònù. Ìwé tí ọkọ mi yàn ní ọsibítù ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Àǹtí jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n gbé sáńdà náà lé itan. Wọ́n ní, "Ìyẹn ni pé kò sí níbẹ̀?" Mo ní, "Kò sí níbẹ̀, Àǹtí." A sunkún ní gáréèjì yẹn bí ẹni pé ọjọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kú.

Nígbà tá a délé, mo tú ẹrù náà. Mo rò pé jagunjagun ni màá rí. Obìnrin kan tó ń ránṣọ ni mo rí, ìkòkò ń hó lẹ́yìn rẹ̀, ìka ọwọ́ rẹ̀ pé pérépéré. Ìwé ẹlẹ́kún! Mo ní wọ́n ṣì í gbé ni. Oṣù bíi mélòó kan kọjá, òmíràn dé, ti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ń jà sí yàrá kan. Èyí tó tún tẹ̀ lé e, ti ìyá kan ni. Mo pe Bọ̀dá Aláwòrán, mo ní kí ló dé? Ó ní, "Mà, òun ló ní kí n mú gbogbo èyí tí Màmá Ṣeun máa ń jà fún. Ó ní kí wọ́n má dé pa pọ̀, kẹ́ ẹ lè máa rí nǹkan retí." Olúwa mi ò! Gbogbo ìgbà tó ń béèrè èyí tó máa pẹ́ jù, èmi rò pé ara ẹ̀ ló ń rò. Ọkọ mi mọ̀ pé òun ń lọ, ó wá ń wá ohun tí màá máa retí fún mi. Ẹ sọ fún mi, ta ló tún ń fẹ́ obìnrin báyẹn?

Láti ìgbà náà, bí ìwé bá ti kù díẹ̀ kó dé, Àǹtí á wọkọ̀ wá láti Ìbíàdè. A ó jọ tẹ́ní, màá máa sọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, wọn á máa wo àwòrán, wọn á máa bú àwọn ọkọ burúkú inú ẹ̀. Àmọ́ ohun tó dùn mọ́ mi jù kò sí nínú ìwé. Gáréèjì ló wà. Láàárín ariwo àwọn agbèrò, dírẹ́bà á ké pe, "Olúmúyìwá! Olúmúyìwá dà?" Ó máa ń dà bíi pé ọkọ mi lọ ra nǹkan lẹ́yìn bọ́ọ̀sì kan, á sì yọ báyìí. Nílé, kò sẹ́ni tó ń dárúkọ ẹ̀ létí mi mọ́, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí n sunkún. Gáréèjì nìkan ni mo ti ń gbọ́ ọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bọ̀dá Aláwòrán ní èyí tó dé yẹn ló kẹ́yìn nínú èyí tí ọkọ mi yàn. Bó ṣe fi àwọn tuntun ránṣẹ́ nìyẹn, tó sì béèrè orúkọ. Bí mo bá kọ tèmi, kò tún sí ibi tí wọ́n ti máa pe ọkọ mi láyé yìí mọ́. Bí mo bá kọ tirẹ̀, àwọn èèyàn á ní orí opó yìí ti dàrú, bóyá wọn ò tilẹ̀ parọ́. Mo bi Àǹtí. Àní Àǹtí tó gbé sáńdà lọ sí gáréèjì! Wọ́n ní, "Ìyàwó, ẹni tó ń retí nǹkan ni wọ́n ń pe orúkọ ẹ̀. Ṣé ọmọ ìyá mi ń retí nǹkan ni?" Wọ́n wá gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n wo àwọn àwòrán náà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n fìka lé ọ̀kan. "Wo ọwọ́ eléyìí," ni wọ́n wí. "Àfi bíi tirẹ̀."

Ti jagunjagun ni. Mo wò ó dáadáa. Ọwọ́ náà dára, ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ìdáná, aṣọ wà lórí okùn. Mo ti yàn án. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn tí màá yan ti jagunjagun láìsí àlàyé ọkọ mi. Ó máa pẹ́ kó tó jáde, mo sì ti ń rò ó bóyá ìyàwó ọkùnrin náà á dárí jì í. Orúkọ ló kù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wọ aṣọ ọ̀fọ̀ rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, torí Bọ̀dá Aláwòrán ṣì ń retí èsì mi. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí dírẹ́bà máa dúró ní gáréèjì, tí yóò gbé ẹrù náà sókè, tí yóò la ẹnu. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kó pè?