Èmi Ni Mo Mú Ṣéènì Ìyá Onílé

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo mọ̀ pé ìròyìn ìwé ọ̀daràn tuntun lẹ ń retí lóṣù yìí. Kò sí ìwé tuntun. Atẹ̀wétà mi ní kí n panu mọ́, ó ní bí mo bá la ẹnu pẹ́nrẹ́n, ilé iṣẹ́ òun máa wó. Kó wó! Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa lé e bá. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Bí ẹni tó ń sá ò bá dúró, òtítọ́ ò lè bá a. Èmi ni mo dúró.

Ẹ rántí bí mo ṣe máa ń fọ́nnu fún yín pé mi ò kì í kọ ohun tí mi ò bá dán wò. Bí olè inú ìwé mi bá fo fèrèsé, èmi náà á ti fò ó, orúnkún mi á sì ti bó. Ẹ̀ ń pàtẹ́wọ́, orí mi ń wú. Nígbà tí mo ń kọ ìwé tí ẹ fẹ́ràn jù, mo fẹ́ mọ̀ bóyá èèyàn lè wọ yàrá ẹni tó wà nílé, kó mú nǹkan, kó sì jáde láìsí ìfura. Ìyá onílé ń bomi rin òdòdó lẹ́yìn ilé. Mo bọ́ bàtà, mo wọlé, mo mú ṣéènì wúrà rẹ̀ nídìí dígí, mo padà sí yàrá mi lókè. Mo ní tó bá di ọ̀sán, màá dá a padà.

Ọ̀sán ò tíì pé tí ariwo fi ta. Alágbàfọ̀ tó ń fọṣọ fún gbogbo ilé ti wá to aṣọ tó lọ̀ sínú yàrá yẹn láàárọ̀.

"Ta ló tún débẹ̀ bí kì í ṣe ìwọ?" Ìyá onílé ti di aṣọ ọrùn rẹ̀ mú.

Ọkùnrin náà tú àpò rẹ̀ síta. "Màmá, ẹ wò ó, bọ́tìnnì tó já lára aṣọ yín nìyí, mo fẹ́ rán an padà ni. Èmi tí mi ò jí bọ́tìnnì, ṣé wúrà ni màá wá jí?"

Ká ní mo sọ pé, "Màmá, ẹ má bínú, èmi ni," ọ̀rọ̀ á bù ṣe. Ìkà ni mí! Mo dúró lórí àtẹ̀gùn, mò ń wo bó ṣe ń fi bọ́tìnnì yẹn han gbogbo ará ilé, mo ní, "Áà, bí ẹni tí wọ́n purọ́ mọ́ ṣe máa ń ṣe nìyí!" Mo sáré wọlé lọ kọ ọ́ kí n má baà gbàgbé. Kí n tó jáde, ọlọ́pàá ti mú un lọ.

Ṣé ẹ rò pé ó parí síbẹ̀? Adájọ́ sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Mo ra búrẹ́dì, mo lọ kí i níbẹ̀. Ó bú sẹ́kún. "Àǹtí, nínú gbogbo ilé yẹn, ẹ̀yin nìkan lẹ gbà mí gbọ́." Mo ní, "Báwo ló ṣe rí lára ẹ?" Ó tú ọkàn rẹ̀ jáde: ìyàwó rẹ̀ ti kó lọ, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń wá áyọ́ọ̀nù lójú oorun. Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ. Ibi tí ẹ ti sunkún nínú ìwé yẹn, ẹkún alágbàfọ̀ ni. Èmi gba ẹ̀bùn, òun ń ṣẹ̀wọ̀n.

Lóṣù tó kọjá, atẹ̀wétà ní kí n kọ apá kejì. Mo padà lọ bá alágbàfọ̀ lẹ́wọ̀n. Ó ṣàdúrà fún mi torí pé mi ò gbàgbé òun. Àdúrà yẹn ni mi ò lè gbé mì. Mo jẹ́wọ́ fún un. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ máa kọ èyí náà ni?"

Mo gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ, mo gbé ṣéènì kalẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín! Ọ̀gá wọn ní, "Òǹkọ̀wé wa, ẹ ti tún ń dán ìtàn wò!" Atẹ̀wétà sọ fún wọn pé iṣẹ́ àṣejù ló ń dà mí láàmú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ̀wé, ẹ má fi ẹ̀mí ẹlòmíì dán nǹkan wò. Ẹ̀yin tó kù, mi ò bẹ̀bẹ̀ kí ẹ dárí jì mí, ẹ má sì pàtẹ́wọ́. Níwọ̀n bí ọlọ́pàá ò ti gbà mí gbọ́, lọ́jọ́ Ajé, màá lọ jẹ́wọ́ níwájú adájọ́ ní kóòtù. Ẹ wá dúró tì mí, kí ẹ sọ fún adájọ́ pé ẹ gbà gbọ́ pé olè ni mí, kí wọ́n lè tú ọkùnrin yẹn sílẹ̀.