Ẹsẹ̀ Wo Lo Sọ fún Wọn?

[Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, oṣù Kẹta. Bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín Birchwater ń sáré lójú ọ̀nà Saskatchewan ní Kánádà, wọ́n ń lọ gbá ìdíje tó kẹ́yìn sáà. Garnet, kọ́ọ̀ṣì wọn, wà ní ìjókòó iwájú. Lorne, máníjà ẹgbẹ́, ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó la ẹnu sílẹ̀ gbàgà. Fóònù Garnet gbọ̀n. Verna ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ẹni tó máa ń gba àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà tó ti ọ̀nà jíjìn wá sínú ilé rẹ̀.]

GARNET: Hẹ́lò? Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàsán o.

VERNA: Káàsán. Ṣé dáadáa lẹ ń lọ?

GARNET: Dáadáa ni. Ilé ńkọ́?

VERNA: Ilé wà. Ojú ọ̀nà ńkọ́?

GARNET: Yìnyín ń yọ́. Omi ló kún gbogbo títì. Ẹ̀gbọ́n, tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ gígùn ni, a ò ní pẹ́ dé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ti sí—

VERNA: Garnet, ẹsẹ̀ wo lo sọ fún wọn?

GARNET: Kí lẹ wí?

VERNA: Ẹsẹ̀ Emmett. Nígbà tẹ́ ẹ sọ fún líìgì pé ó fara pa. Ọ̀tún ni àbí òsì?

[Garnet yíjú wo Lorne. Lorne ń hanrun.]

GARNET: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà.

VERNA: Mo mọ̀ pé inú bọ́ọ̀sì lo wà. Ọ̀tún àbí òsì?

GARNET: A kì í sọ ẹsẹ̀. Ṣebí ẹ̀yin náà mọ̀. "Lower body" la máa ń sọ. Apá ìsàlẹ̀ ara, ó tán. Gbogbo ẹgbẹ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí àwọn tá a fẹ́ bá gbá má baà mọ ibi tí wọ́n máa dojú igi kọ.

VERNA: Ó lè jẹ́ ẹsẹ̀ èyíkéyìí nìyẹn.

GARNET: Ó lè jẹ́ ìdí. Ó lè jẹ́ ọmọńdinrín ẹsẹ̀. Kí ló tiẹ̀ kàn yín nínú ẹ̀? Ẹ mọ̀ pé nǹkan kan ò ṣe ọmọ yẹn.

VERNA: Mo mọ̀. Ilé mi ló ń sùn. Méjì méjì ló ń gun àtẹ̀gùn. Ó jẹ gbogbo pẹrógì tí mo sè tán—

[Ìlà ń ṣe kàràkàrà.]

VERNA: —ṣé o gbọ́ mi?

GARNET: Mo gbọ́ "pẹrógì".

VERNA: O ò ní ṣàì gbọ́ ìyẹn.

GARNET: [ó rẹ́rìn-ín díẹ̀] Ẹ̀gbọ́n, ariwo wo nìyẹn lọ́dọ̀ yín? Ó dà bíi pé wọ́n ń fi ẹ̀rọ pe èèyàn.

VERNA: Mo jáde ni. Ṣé o pe Pelham?

GARNET: Pelham wo?

VERNA: Má bi mí ní "wo" o, Garnet. Èmi kì í ṣe oníròyìn. Pelham tó ti yunifásítì wá wo Emmett kí Kérésì tó dé. Ẹni tó ní òun á mú un, á kàwé lọ́fẹ̀ẹ́, á máa ṣe kípà fún wọn. Ẹ̀gbẹ́ sítóòfù mi lo jókòó sí tó o gbá ọmọ náà léjìká. O ní, "Emmett, bá wa jókòó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tó o bá ń ṣọ́lé, a óò máa borí, a ò sì fẹ́ borí. Jẹ́ ká sọ pé o fara pa. Èmi fúnra mi máa pe Pelham, màá ní ara rẹ le."

GARNET: Mo fẹ́ pè é.

VERNA: O fẹ́.

GARNET: Ẹ gbọ́ tèmi náà. Tí mo bá ní ara ọmọ náà le, Pelham ti mọ̀ pé irọ́ la pa fún líìgì nìyẹn. Ọkùnrin yẹn, bó bá gbọ́ nǹkan láàárọ̀, títí ọ̀sán gbogbo Kánádà á ti gbọ́. Wọ́n á gba àǹfààní tá a ní láti kọ́kọ́ mú ọmọ tuntun. Wọ́n á lé mi. Wọ́n lè ti ẹgbẹ́ náà pa.

VERNA: O ò pè é.

GARNET: ... Mi ò pè é.

[Ọmọ kan pariwo lẹ́yìn bọ́ọ̀sì, wọ́n ń ta káàdì. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.]

VERNA: Òun ló pè wá. Lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ní òun gbọ́ "lower body", òun sì rántí orúnkún tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Emmett nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó rò pé òun náà ni. Kí ló tún fẹ́ rò? Ẹ ò sọ ibi kan pàtó fún un.

GARNET: Emmett ò sọ fún un pé ara òun le ni?

VERNA: Ó sọ. Pelham rẹ́rìn-ín ni. Ó ní kò sí ọmọ tí kì í sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní tó bá dá a lójú, kó fi fídíò ránṣẹ́ kí ọjọ́ Ajé tó mọ́, kí òun rí i lórí yìnyín, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á mú ẹlòmíràn.

GARNET: Kí ló dé tí kò wá bá mi?

VERNA: Ó ní wàhálà tó wà lọ́rùn Kọ́ọ̀ṣì ti pọ̀ jù.

[Garnet gbé fóònù sí etí kejì. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún.]

VERNA: Ṣé o gbọ́ mi?

GARNET: Mo gbọ́ yín.

VERNA: Ó ti pé ogún ọdún. Ó kúrò lọ́mọ líìgì yín lẹ́yìn ìdíje tòní. Kò sí sáà mìíràn fún un. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún—

GARNET: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má pa òwe fún mi lónìí. Ẹ jọ̀ọ́. Ta ló fẹ́ irọ́? Ṣé èmi ni? Mo dìde ní ìpàdé ìlú, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Mo ní ẹ jẹ́ ká tọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ yìí, ká máa fi wọ́n gbá, wọ́n á máa ṣubú, wọ́n á máa dìde, lọ́dún mẹ́ta wọ́n á di èèyàn. Kí ni ìlú wí?

VERNA: Mo rántí.

GARNET: Wọ́n ní ọdún mẹ́ta ti jù! Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń wá wòran mọ́. Wọ́n ní ká máa pàdánù, ká gbẹ̀yìn pátápátá, torí ẹni tó bá gbẹ̀yìn ló máa kọ́kọ́ mú ọmọ, ká lè mú Asher Doucette, ọmọ àràmàǹdà. Asher á dé, ilé á kún, gbogbo nǹkan á dùn. Ta ló kọ́kọ́ nawọ́ sókè?

VERNA: Èmi ni.

GARNET: Ẹ̀yin ni!

VERNA: Mo nawọ́. Mo rò pé pípàdánù ò lè pa ẹnikẹ́ni lára.

[Ìlà já díẹ̀, ó tún padà.]

VERNA: —Asher yẹn. Wọ́n sọ ọ́ lórí rédíò láàárọ̀ yìí. Ó ní òun ò bọ̀ ní Birchwater. Amẹ́ríkà lòun ń lọ.

GARNET: Mo mọ̀.

VERNA: O gbọ́ rédíò?

GARNET: Láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti mọ̀. Bàbá ẹ̀ pe Lorne.

VERNA: Láti Ọjọ́bọ̀.

GARNET: Ẹ̀gbọ́n—

VERNA: Kí lẹ wá ń torí ẹ̀ pàdánù lónìí? Garnet! Kí lẹ ń torí ẹ̀ pàdánù?

GARNET: Ẹ rọra, ohùn yín ń jáde. Kí lẹ fẹ́ ká ṣe? Ká wá borí? Tá a bá borí lónìí, ta ló máa ṣàlàyé gbogbo èyí tá a ti pàdánù? Bó ti wù ká sè é, ebòlò ni, igbẹ́ ló máa rùn. Ẹ tiẹ̀ rò pé mo lè ní kí àwọn ọmọ yìí borí, kí wọ́n sì borí? Ẹ̀ ń gbọ́ ẹ̀rín wọn? A ń lọ jẹ ìyà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ní oṣù Kẹwàá, tá a bá pàdánù, wọ́n máa ń sunkún nínú yàrá aṣọ. Báyìí, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á béèrè ibi tá a ti fẹ́ jẹun. Ohun kan ṣoṣo tá a kọ́ wọn lọ́dún yìí nìyẹn, wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n.

VERNA: Olúwa ṣàánú.

GARNET: Àmín. Ẹ sọ fún Emmett pé màá pe Pelham lálẹ́ òní. Mo búra. Tá a bá ti gbá èyí tán, kò—

[Ohùn ẹ̀rọ lọ́dọ̀ Verna: wọ́n ń pe dókítà kan.]

GARNET: Ẹ̀gbọ́n. Níbo lẹ wà?

VERNA: Ọsibítù.

GARNET: Ta ló ń ṣàìsàn? Ṣé ọkàn yín tún ni?

VERNA: Emmett ò lè lọ sí pápá ìṣeré lọ ya fídíò, àbí? Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé arọ ni. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ di arọ. Tí ẹnì kan bá rí i níbẹ̀ tó ń fò, ọ̀rọ̀ yín ti bàjẹ́ nìyẹn. Ó wá ní ká ya á lórí yìnyín ẹ̀yìnkùlé mi.

GARNET: Rárá. Rárá, ẹ̀gbọ́n. Nínú oòrùn oṣù Kẹta?

VERNA: Mo sọ fún un! Mo ní, "Emmett, yìnyín yìí ti rọ̀, èmi ni mo fi họ́ọ̀sì da omi ẹ̀, mo mọ̀ ọ́n." Ó ní, "Màmá Verna, díẹ̀ báyìí ni. Ẹ ṣáà di fóònù mú dáadáa, ẹ má fi ìka bo ojú ẹ̀ bíi ti ọjọ́ ìbí mi." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya á. Ó lọ sí òsì, ó lọ sí ọ̀tún, ó kúnlẹ̀, ó dìde. Garnet, ọmọ yẹn dára. Mo gbàgbé pé ó dára tó bẹ́ẹ̀, ó ti pẹ́ tá a ti rí i. Ó bojú wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín—

[Kàràkàrà.]

GARNET: Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ẹ̀gbọ́n! Ṣé ẹ gbọ́ mi?

VERNA: —bàtà yìnyín ẹ̀ rì sínú ibi tó ti rọ̀. Ara yí, ẹsẹ̀ ò yí. Mo gbọ́ ìró ẹ̀. Ó wà nínú fídíò.

GARNET: Orúnkún?

VERNA: Orúnkún ọ̀tún. Èyí tí wọ́n ti là tẹ́lẹ̀ rí.

GARNET: Yéè. Yéè, mo gbé.

VERNA: Ìwọ kọ́ lo gbé. Ìyá ẹ̀ máa ń pe ilé mi láti àríwá lọ́hùn-ún ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Yóò pè lónìí. Kí ni mo fẹ́ wí?

GARNET: Ṣé ó ń sunkún?

VERNA: Kò sunkún. Ó ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú torí yìnyín mi tó bà jẹ́.

[Bọ́ọ̀sì fò lórí kòtò. Lorne jí, ó nu ẹnu.]

LORNE: Ta nìyẹn?

GARNET: Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ń kí wa ni.

LORNE: Bá mi kí i. Sọ fún un pé pẹrógì ẹ̀ ń pè mí.

VERNA: Ṣé Lorne nìyẹn?

GARNET: Bẹ́ẹ̀ ni o. Ó kí yín.

VERNA: Ó dáa. Fetí sílẹ̀, ìwọ ṣáà dá mi lóhùn. Nọ́ọ̀sì ń bi wá pé ìgbà wo ni ẹsẹ̀ náà ti wà bẹ́ẹ̀. Ó ní òun kà á nínú ìwé ìròyìn pé ọmọ náà ti fara pa láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣé òun náà ni? Tá a bá ní òní ni, wọ́n á fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e lọ sí ọsibítù ńlá ní Saskatoon nísinsìnyí, wọ́n á tún un ṣe kó tó le. Tá a bá ní láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni, á lọ tò sẹ́yìn àwọn tí tiwọn ti pẹ́. Ó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó di ìgbà ìwọ́wé. Ṣé o gbọ́ mi?

GARNET: Mo gbọ́.

VERNA: Ọkọ nọ́ọ̀sì yìí wà nínú ìgbìmọ̀ yín, o mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo bá sọ fún un, ìlú á gbọ́ ọ kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná. Kí ni kí n sọ, àbúrò mi? Òní ni, àbí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?

[Garnet tẹ fóònù mọ́ etí. Lorne ń wò ó. Lẹ́yìn bọ́ọ̀sì, ẹnì kan jẹ tẹ́tẹ́ káàdì, wọ́n ń hó.]

VERNA: Garnet.

LORNE: Kí ló fẹ́?

GARNET: Kò sí nǹkan. Ó ń... ó ń béèrè nǹkan ni.

VERNA: Garnet, dá mi lóhùn.

GARNET: Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

VERNA: Tún un sọ.

GARNET: Ẹ sọ fún un pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni, ẹ̀gbọ́n.

[Ohùn ẹ̀rọ ọsibítù ṣì ń jáde nínú ìlà. Kò tíì já.]

VERNA: Ohun tí Emmett sọ fún un náà nìyẹn.

GARNET: Kí lẹ wí?

VERNA: Ó ti sọ ọ́ kí n tó pè ẹ́. Nọ́ọ̀sì ò tiẹ̀ tíì béèrè tán. Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni, mà." Mo ní kí nọ́ọ̀sì má tíì kọ ọ́, mo ní ẹ jẹ́ kí n pe Kọ́ọ̀ṣì ẹ̀. Mo rò pé tí mo bá bi ọ́, wàá ní kí n lọ bá a tún un ṣe.

GARNET: Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró—

VERNA: Mo kàn rò bẹ́ẹ̀ ni.

GARNET: Ẹ dúró ná! Ṣé nọ́ọ̀sì ṣì wà níbẹ̀?

VERNA: Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà wá síwájú mi. Ó ń gbọ́ ohun tí mò ń sọ báyìí. Mo fẹ́ fún un ní—

[Kàràkàrà. Bọ́ọ̀sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú àfonífojì.]

GARNET: Òní ni! Ẹ sọ fún un pé òní ni! Lorne, fi mí sílẹ̀! Ẹ̀gbọ́n, irọ́ ni mo pa, nǹkan kan ò ṣe é tẹ́lẹ̀, òní ni ó ṣẹlẹ̀! Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ẹ fún nọ́ọ̀sì ní fóònù! Ẹ̀gbọ́n! Ṣé ẹ gbọ́ mi?

[Ìlà ti já kí Garnet tó la ẹnu.]